Alábàárù Ìdúmọ̀tà àti Balógun: Iṣẹ́ Wọn Yanjú, Ìwà Àwa Oníbàárà Ló Kù

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ọjà tí ẹ rà ní Ìdúmọ̀tà, Balógun tàbí Òkè-Àrin bá ti ju ohun tí ọwọ́ méjì lè gbé, alábàárù ni kí ẹ pè, iṣẹ́ wọn sì dáa. Wọ́n yára, wọ́n mọ ọ̀nà, ẹrù kì í sábà bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, owó wọn ò sì ga ju ohun tí wọ́n ń ṣe lọ. Ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ kò sí lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí oníbàárà máa ń rò nípa alábàárù, pé ó sọnù mọ́ òun lójú, pé ó da ẹrù nù, pé ó fẹ́ gba owó kún owó, ọwọ́ oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ti ń wá, nítorí pé ó ń lo ènìyàn bí ẹni ń lo bàrò.

Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ yẹ̀ wọ́n sílẹ̀. Ọjà yìí ò ní àyè mọ́tò. Ní òpópónà Balógun àti Nnamdi Azikiwe, àtẹ ló gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, èrò ló gba àárín, mọ́tò tó bá ṣèèṣì wọlé nígbà tí ọjà bá ti kún, ẹ̀yìn ẹlẹ́sẹ̀ ló máa tọ̀. Ọ̀kadà ẹ̀wẹ̀, òfin ti lé e: ní oṣù kẹfà 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Lagos Island sì wà nínú wọn. Nítorí náà, bélì ankárá o, páálí bàtà o, páálí mílíìkì o, àpò ìrẹsì o, orí ènìyàn ló ń gbé e jáde lọ bá mọ́tò ní CMS, ní Apọ́ngbọ́n tàbí ní ẹsẹ̀ bíríìjì Carter.

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n, ẹ má sì pe ọ̀kan níbi tí èkejì ti yẹ. Àwọn tó ń fi orí rù ló wà fún àárín ọjà àti fún orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Oníbàrò wà fún ibi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú díẹ̀, tí èrò ò sì fún pa: Ọyìngbò, Mile 12, etí Èbúté-Èrò. Ọmọlanke, kẹ̀kẹ́ ẹrù onítáyà méjì tí wọ́n ń fà tí wọ́n sì ń tì, ti àwọn tó ń ra ọjà ní páálí-páálí ni, àárọ̀ kùtù ló sì máa ń rọrùn fún un jù, kí ọjà tó kún. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, ti àwọn tó ń fi orí rù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, torí pé lára wọn ni ìwà wa ti ń hàn jù.

Ẹrù ní ìwọ̀n. Àpò ìrẹsì ńlá kan jẹ́ 50 kílò. Láti 1967 ni ILO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ti dá a lábàá pé kí ẹrù tí ọkùnrin tó ti dàgbà máa fi ara gbé lẹ́ẹ̀kan má ju 55 kílò lọ, kí ti obìnrin àti ti ọ̀dọ́ sì kéré sí i dáadáa. Àpò ìrẹsì kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún òṣùwọ̀n yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù kan ní Òkè-Àrin, ẹ ó rí oníbàárà tó ti gbé àpò ìrẹsì lé ọmọ ọlọ́mọ lórí, tó tún ń wá ibi tó máa gbé páálí Indomie sí lókè rẹ̀. "Fi èyí náà sí i, kò wúwo." Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀, báàgì ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló gbé. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́rù ní í gbé ibi tó wúwo. Ìdúmọ̀tà ti yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Bí ẹrù bá ju àpò kan lọ, alábàárù méjì ni kí ẹ pè. Owó tí ẹ rò pé ẹ fẹ́ fi pamọ́ lórí ẹnì kejì, owó ìrẹsì tó máa tú sínú gọ́tà ni.

Bí wọ́n ṣe gbé ẹrù sókè ló ń sọ bóyá yóò gúnlẹ̀ láyọ̀. Òṣùká ni àkọ́kọ́: aṣọ tí wọ́n lọ́, tí wọ́n ká róbótó, kí ìwúwo lè tàn ká àtàrí dípò kó gún ojú kan. Alábàárù tó bá fẹ́ fi orí lásán ru ẹrù yín, ẹ má jẹ́ kó gbé e. Ẹrù á yọ̀ ní kété tó bá tẹrí kọjá lábẹ́ ìbòjì àwọn alátẹ. Ènìyàn méjì ló ń gbé ẹrù lé e, ẹnì kan lọ́tùn-ún, ẹnì kan lósì. Alábàárù á tẹ orúnkún, ẹ̀yìn rẹ̀ á nà gbọọrọ, wọ́n á gbé e pọ̀, wọ́n á sì fi sílẹ̀ pọ̀. Ibi tó ń bàjẹ́ sí nìyí: bí ọ̀kan bá kọ́kọ́ fi sílẹ̀, gbogbo ìwúwo á gba ẹ̀gbẹ́ kan, ọrùn á lọ́. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló sábà máa ń di apá kan mú. Apá kejì ti oníbàárà ni, bí ẹ ò bá sì fẹ́ kí ọwọ́ yín dọ̀tí, ẹ bẹ ẹlòmíì kí alábàárù tó tẹ orúnkún, ẹ má jẹ́ kó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tán kí ẹ tó máa wò yí ká. Páálí tó fẹ̀ ló ń wà nísàlẹ̀, èyí tó kéré á wà lókè, okùn á sì so wọ́n pọ̀ lóòró àti ní ìbú. Ohun tó lè fọ́ kì í wà lókè pátápátá. Abẹ́ rẹ́ńbùrẹ́là àti tapólìn àwọn ọlọ́jà ni alábàárù ń gbà kọjá, ohun tó bá ga jù ló sì ń kọ́kọ́ há.

Ẹrù ti wá gun orí. Oníbàárà ti ṣáájú. Ó dé ọ̀dọ̀ alátẹ tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́, ó yà. "Èló ni?" Ó yí i wò síwá sẹ́yìn, ó dá iye kan, alátẹ rẹ́rìn-ín, ó ṣe bí ẹni ń lọ, wọ́n pè é padà, ó tún ní òun fẹ́ àwọ̀ mìíràn. Ní gbogbo àsìkò yìí, ọkùnrin kan dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àádọ́ta kílò lórí. Òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú, kò lè nù ún, torí ọwọ́ méjèèjì ló fi di ẹrù mú. Kò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀: ènìyàn méjì ló gbé e lé e, ènìyàn méjì ló máa sọ̀ ọ́. Kò lè jókòó. Àwọn tó ń kọjá ń fi èjìká gbún un, wọ́n ń ní "Ṣé ibí lo fẹ́ dúró sí ni?" Ó wo ẹ̀yìn oníbàárà rẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ìdúró yẹn le ju ìrìn lọ. Bí ènìyàn bá ń rìn lábẹ́ ẹrù, ẹsẹ̀ ń pààrọ̀ iṣẹ́ fún ara wọn, èyí ń sinmi nígbà tí èyí ń tẹ̀. Bó bá dúró lójú kan, gbogbo ìwúwo ló jókòó sí ọrùn, ìbàdí àti orúnkún, kò ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n yìí ló ń da ẹrù nù níwájú, nígbà tí oníbàárà ti ra ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ tán, tó sì ti gbàgbé pé òun dúró níbì kan. Nígbà náà lẹ ó gbọ́ "Ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni?" A kì í gbé ẹran erin lérí ká máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Ti Balógun wá burú jù bẹ́ẹ̀: ẹlòmíì ló ru erin, ẹni tó ni erin ló ń wa ìrẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ra gbogbo ọjà tán kí ẹ tó pe alábàárù. Ẹ kó wọn jọ sọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù tí ẹ ra èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀, kì í sábà kọ̀. Bí ẹ bá rántí nǹkan lójú ọ̀nà, ẹ wá ẹni tó máa bá a sọ ẹrù, ẹ jẹ́ kó jókòó tì í, ẹ lọ rà á, ẹ fi nǹkan kún owó rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ orí rẹ̀, àsìkò rẹ̀ náà jẹ́ owó.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. Kò sí iye kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ohun tó ń sọ iye ni ìwúwo ẹrù, bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó, iye pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà níbẹ̀, òjò, àti bí ọjà ṣe kún tó. Oṣù Ọ̀pẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ oṣù kejì. Ohun tó yẹ kí ẹ bá a sọ kí ẹrù tó gun orí ni ibi gan-an tó máa sọ̀. "CMS" kò tó. Ṣé ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Katidrá ni, àbí níbi tí àwọn dáńfó ti ń gbé èrò, àbí kó gbé e dé ibùdókọ̀ ojú irin ní Marina? Ẹni tó ní CMS, tó dé CMS, tó wá ní "jẹ́ ká kúkú dé iwájú díẹ̀", ìrìn mìíràn ló ń bẹ̀, owó mìíràn ló sì jẹ. Ẹ sì sọ ẹni tó máa sanwó àwọn agbèrò, nítorí bí ẹrù bá dé ẹnu mọ́tò, ẹlòmíì á tún yọjú pé òun ni òun máa gbé e sínú búùtù.

Àṣà kan wà tó yẹ kó dópin, ìyẹn ni kí ẹrù sọ̀ tán kí oníbàárà tún máa ná owó tí wọ́n ti ná. Nígbà tí ẹrù ṣì wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, alábàárù lè kọ̀. Tó bá ti sọ̀ ọ́ ní CMS, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́ tó lè fi dúró. Oníbàárà mọ̀ bẹ́ẹ̀ ló fi ń ṣe é. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra léèsì ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà, kò sì gbin, á wá na ọwọ́ sókè, á ké sí gbogbo ayé lórí igba náírà. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní àkáǹtì tí ẹ lè tiráńsífà sí, àwọn tó sì ní in ò lè dúró kí alẹ́ẹ̀tì tó wọlé, torí ẹrù mìíràn ń dúró dè wọ́n.

Ọ̀ràn "ó sọnù mọ́ mi lójú" rèé. Ẹni tó ru ẹrù kò lè yí ọrùn padà. Iwájú nìkan ló ń rí, ó sì gbọ́dọ̀ máa lọ, nítorí pé ìdúró ni ìyà rẹ̀. Bí ẹ bá yà, kò mọ̀. Bí ẹ bá wà lẹ́yìn tí ẹ sì pe "Àbókí!" ní Ìdúmọ̀tà, ọkùnrin mẹ́wàá ló máa dáhùn, tiyín lè má sí nínú wọn. Ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Sànní ni, Músá ni, orúkọ tó bá jẹ́, òun ni kí ẹ máa pè é. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, ẹ pè é lójú ẹsẹ̀ kí ẹ rí i pé ó dún. Ẹ fi ibì kan ṣe àmì tí ẹ ti máa pàdé bí ẹ bá yà síra, iwájú Mọ́sálásí Àpapọ̀ tó wà ní Nnamdi Azikiwe dára, kò sí alábàárù tí kò mọ̀ ọ́n. Bó bá mọ ibi tí ẹ ń lọ, ẹ jẹ́ kó wà níwájú, kí ẹ máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Lẹ́yìn ni ojú yín ti máa wà lára ẹrù, ẹ̀yin náà lẹ sì máa bá a ké "Àgò o! Ẹ yà lọ́nà o!" nígbà tí èémí bá fẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe láé ni kí ẹ pariwo "Olè!" Ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń fà ní ọjà Èkó. Kò sẹ́ni tó máa béèrè pé kí ló gbé, ìgbájú ló máa ń ṣáájú ìbéèrè, táyà sì lè tẹ̀ lé e. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tí wọ́n ń pariwo lé lórí ti dúró níbi tí wọ́n fi àdéhùn sí, ó ń wá ẹni tó máa bá a sọ ẹrù. Òṣìṣẹ́ báǹkì tó bá pẹ́ kó tó dáhùn, a kì í pè é lólè. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ pe fóònù rẹ̀, ẹ lọ síbi àmì, ẹ bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jókòó síbi tí ẹ ti pè é. Wọ́n mọ ara wọn, wọ́n sì mọ ẹni tí kì í ṣe ara wọn. Ìdí nìyí tó fi dára kí ẹ pe alábàárù níbi tí wọ́n pọ̀ sí, tàbí kí ẹ ní kí oníṣọ́ọ̀bù bá yín pe ẹni tó mọ̀.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tún jẹ́ ìdánwò mìíràn. Àwọn pláàsà tó wà níbẹ̀ ga, àtẹ̀gùn wọn tóóró, àwọn ọlọ́jà sì tún kó páálí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ ṣáájú rẹ̀, ẹ máa sọ fún un: "Ó kù mẹ́ta, ó kù méjì, ilẹ̀ rèé." Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ní ti bí a ṣe ń pè wọ́n, ìwà Yorùbá máa ń gbàgbé ara rẹ̀ ní ẹnu ọjà yìí. Ọmọbìnrin tó máa kúnlẹ̀ kí ìyá aláṣọ, tó máa fi "ẹ" bá ọmọ tó ń ta píọ̀ wọ́tà sọ̀rọ̀ bó bá ti jù ú lọ, á nawọ́ sí ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, á ní "Ìwọ, gbé e, kíá." Ohun tó fa èyí ni pé ẹrù ti bo ojú. A ò rí ọjọ́ orí ẹni tó wà lábẹ́ páálí, a ò rí pé bàbá ẹnì kan ni. Àwọn ìyá náà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń rù, òmíràn pọn ọmọ sẹ́yìn. A máa kí ìyá ọlọ́mọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ò ní kí i níbí. Oníṣọ́ọ̀bù á fún oníbàárà ní àga àti omi tútù, alábàárù á lóṣòó síta lójú oòrùn, bó bá sì fẹ̀yìn ti gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á lé e pé kó má da òógùn sára ọjà. Omi inú ọ̀rá kan kí ó tó gbéra àti ọ̀kan nígbà tó bá sọ̀, ìyẹn wúlò fún ẹrù yín pàápàá, nítorí pé òógùn tó ń jáde lábẹ́ ẹrù nínú oòrùn ọ̀sán pọ̀, òòyì sì máa ń kọ́ ẹni tí òǹgbẹ bá ń gbẹ. Ẹni tó bá sì sọ pé "Bàbá, ẹ bá mi gbé e", òun ni wọ́n máa ń fi ọ̀nà ẹ̀bùrú hàn, òun ni wọ́n máa ń sọ fún pé mọ́tò yẹn ò tíì fẹ́ kún, kó gba ti iwájú.

Ọmọdé ńkọ́? Ẹ má pè wọ́n. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, kà á léèwọ̀ láti mú kí ọmọ gbé ẹrù tó wúwo débi tó lè pa ìdàgbàsókè rẹ̀ lára. Wọ́n á sáré wá bá yín, wọ́n á bẹ̀ yín, owó wọn á sì kéré ju ti àgbà lọ. Kíkéré owó wọn ni ohun tó ń mú kí wọ́n máa pọ̀ sí i lọ́jà.

Ti oníbàrò kúrú. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní bàrò tiwọn, ńṣe ni wọ́n ń háyà rẹ̀ lójúmọ́, wọ́n sì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà iye tí ẹ san fún un kọ́ ló ń mú délé. Ní Mile 12, apẹ̀rẹ̀ tòmátò ni kí ẹ ṣọ́ra fún: apẹ̀rẹ̀ méjì tó bá gun ara wọn, tìsàlẹ̀ ló máa di ọbẹ̀. Ìwúwo gbọ́dọ̀ sún mọ́ táyà iwájú. Bó bá pọ̀ sẹ́yìn, apá ọkùnrin náà ló ń ru ú, bàrò á sì dojú dé bí táyà bá kọ lu òkúta. Ẹ wo táyà náà kó tó gbéra. Èyí tó bá ti rọ̀ ni ẹ ní kó lọ fẹ́ atẹ́gùn sí.

Òjò máa ń sọ owó di ìlọ́po, ó sì tọ́. Ẹ ra ọ̀rá ńlá lọ́wọ́ àwọn tó ń ta á, ẹ fi bo ẹrù, ẹ so ó nísàlẹ̀, kí omi má baà wọ inú páálí kó sì tún fi kílò kún un. Ẹ má ní kó sáré. Ní Ìdúmàgbò, bí omi bá ti bo gọ́tà, ẹ fi ẹrù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù di ọjọ́ kejì, ẹ bá oníṣọ́ọ̀bù sọ ọ́, ẹ kọ iye páálí sílẹ̀. Ẹni tí kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò lè rí ẹnu gọ́tà tí wọ́n ti jí ìdérí rẹ̀ lọ, kò sì sí iye tí ẹ lè san tó máa jẹ́ kó rí i.